Mo Jáwọ́ Nínú Sìgá, Kí Ló Dé Tí Ara Ò Yá?

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ sìgá ti dé ojú ìwé yìí, ohùn kan náà ló ń wá láti ẹnu ọ̀pọ̀ òǹkàwé: ẹni tó jáwọ́, tó ń retí kí ara fúyẹ́, tó wá jí ní ọjọ́ kẹta bí ẹni tó ru ẹrù mọ́jú, tí inú rẹ̀ sì bàjẹ́ láìsí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Mẹ́sàn-án la mú nínú àwọn lẹ́tà náà. Èyí tó gùn jù níbẹ̀, a gé e kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Igi sìgá 15 ni mo ń mu lójúmọ́ fún ọdún 12. Òní ló pé ọjọ́ 9 tí mo ti fi í sílẹ̀. Ẹkún kàn ń gbọ̀n mí ni, ara mi wúwo bí òjé, iṣẹ́ wákàtí kan sì ti di ti wákàtí mẹ́ta. Ṣé sìgá ló ń fún mi lágbára látẹ̀yìn wá ni? Ìgbà wo ni èyí yóò tán?

ÌDÁHÙN: Sìgá ò fún yín lágbára. Owó èlé ló ń yá yín. Bí èèyàn bá fa èéfín rẹ̀ sínú, nikotíìnì, èròjà inú rẹ̀ tó ń di bárakú, á dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20. Àwọn àga kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń jókòó lé, ìjókòó rẹ̀ ló sì ń mú kí ọpọlọ tú dopamíìnì jáde, èròjà tó ń jẹ́ kí nǹkan wuni í ṣe, kó sì dùn mọ́ni lẹ́yìn tí a bá ṣe é tán. Lẹ́sẹ̀ kan náà, adrenalíìnì, èròjà tó ń ta ara jí, á jáde, ọkàn á sáré díẹ̀, ẹ̀dọ̀ á tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ẹ ń pè ní agbára nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì nikotíìnì náà ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, inú á máa ru. Sìgá tó kàn á wá pẹ̀tù sí inú tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ dà rú. Ẹni tó ń mu igi 15 ń san gbèsè yìí nígbà 15 lójúmọ́, ó sì rò pé ìgbádùn lòun ń rà.

Ọpọlọ náà ò sì káwọ́ gbera. Nígbà tí àlejò ń wá léraléra, ó fi àga kún àga. Lọ́jọ́ tí ẹ jáwọ́, àlejò ò wá mọ́, gbogbo àga ṣófo. Òfìfo yẹn lẹ ń rí bí àárẹ̀, ẹkún, àti iyè tí kò sọjí.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló sábà máa ń le jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, fún ọ̀pọ̀ èèyàn ó sì ti lọ sílẹ̀ gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ fi hàn pé àwọn àga àfikún yẹn ń dín kù títí wọn á fi dà bíi ti ẹni tí kì í mu sìgá, láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Torí náà, ọjọ́ 9 tí ẹ wà yìí, ẹ ti kọjá ibi tó ga jù lórí òkè náà, bí ẹsẹ̀ yín ò tilẹ̀ tíì mọ̀ ọ́n. Kì í sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ o. Ọjọ́ méjì á dára, ìkẹta á tún dà bí ọjọ́ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ara wọn dá lẹ́jọ́, wọ́n á ní kò bá àwọn lára mu.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ní alaalẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta síbẹ̀: wákàtí tí ẹ sùn, bí inú yín ṣe rí láti 0 dé 10, àti bí sìgá ṣe ń wù yín tó láti 0 dé 10. Ẹ má fi ọjọ́ kan wé èkejì. Ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ máa fi wé ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹ ò sọ bóyá ẹ ń lo nikotíìnì tí wọ́n ṣe bí oògùn. Bí ẹ ò bá lò ó, kò tíì pẹ́ jù. Ẹni tó ń mu ju igi 10 lọ lójúmọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, ti milígíráàmù 21, fún ọ̀sẹ̀ 6, kó tó lọ sí 14 fún ọ̀sẹ̀ 2, kó sì fi 7 parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2. Níwọ̀n bí ara yín ti wà láìsí i fún ọjọ́ 9, ẹ bi apòògùn bóyá 21 náà ló yẹ yín ni àbí 14. Ibi tó mọ́, tó gbẹ, tí kò nírun ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, bí òkè apá, àyà tàbí ìbàdí. Ẹ máa pààrọ̀ ojú ibẹ̀ lójoojúmọ́, kí awọ má bàa bó. Aboyún, àti ẹni tí àìsàn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.

ÌBÉÈRÈ: Ó ń rẹ̀ mí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lálẹ́, ojú mi á là kedere. Bí oorun bá sì wá, àlá játijàti ló ń bá dé. Ife kọfí márùn-ún ni mo fi ń gbéra ró báyìí. Mo ń lẹ nikotíìnì mọ́ apá tọ̀sán-tòru.

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀bi kọfí pọ̀ níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Èéfín sìgá, àní èéfín gan-an kì í ṣe nikotíìnì inú rẹ̀, máa ń ta ẹ̀dọ̀ jí láti fọ́ káfíìnì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun, kíákíá. Lára ẹni tó ń mu sìgá, ìdajì káfíìnì tó mu á ti kúrò lára ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Lára ẹni tí kì í mu ún, á gbà tó wákàtí márùn-ún. Bí èéfín bá dúró, láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹ̀dọ̀ á padà sí ìrìn jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ife márùn-ún tí ẹ ń mu tẹ́lẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n káfíìnì tó ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín lè di ìlọ́po méjì. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kìkì, ẹ̀rù á máa bani láìnídìí, oorun á sá lọ. Àwọn èèyàn á wá di gbogbo rẹ̀ ru sìgá tí wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ tí ara ò gbé e, kọfí ni wọn á tún fi gbé e dìde, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yí po.

Ẹ dín in sí ìdajì. Ife márùn-ún yẹ kó di méjì tàbí méjì àbọ̀, kí èyí tó kẹ́yìn má sì kọjá aago méjìlá ọ̀sán. Ẹ má já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan o, torí ara tó pàdánù káfíìnì lójijì máa ń fi orí fífọ́ àti àárẹ̀ dáhùn, àárẹ̀ yín á sì di méjì. Ife kan ní ọjọ́ méjì-méjì ni kí ẹ máa yọ. Tíì, kólà inú ìgò àti àwọn ohun mímu tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára, káfíìnì ló wà nínú wọn náà. Ẹ kà wọ́n mọ́ ọn.

Ní ti àlá, ẹ yọ ìlẹ̀mára náà kí ẹ tó sùn. Nikotíìnì tó ń wọ ara lóru ló ń mú kí àlá gbóná bẹ́ẹ̀. Ohun tí èyí máa ń bà jẹ́ ni òwúrọ̀: ẹ ó jí pẹ̀lú òùngbẹ sìgá tó le, nítorí tuntun tí ẹ bá lẹ̀ máa ń gbà tó wákàtí bíi mélòó kan kó tó dé góńgó. Ẹ gbé ṣingọ́ọ̀mù tàbí hóró onínikotíìnì tí wọ́n ń lá bí súìtì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ẹ fi di àlàfo yẹn.

Àkókò tí ẹ ń jí ṣe pàtàkì ju èyí tí ẹ ń sùn lọ. Bí ẹ bá tilẹ̀ sùn ní aago mẹ́ta òru, ẹ dìde ní àkókò kan náà, kí ẹ sì jáde sí ìmọ́lẹ̀ ìta fún bíi ìṣẹ́jú 20. Oorun ọ̀sán ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 20 lọ, kó má sì kọjá aago mẹ́ta. Ọtí kì í ṣe oògùn oorun: ó ń yára kunni lóorun, ó sì ń dá a já láàárín òru. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnu tó ti mutí yó kì í pẹ́ béèrè sìgá.

ÌBÉÈRÈ: Aago méjì ọ̀sán ni tèmi. Bíi pé wọ́n pa iná lára mi. Ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń jáde lọ mu sìgá lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ wo ohun tí ẹ ń ṣe nígbà yẹn dáadáa. Ẹ ń dìde lórí àga. Ẹ ń rìn jáde. Ẹ ń rí ojú ọ̀run. Ẹ ń mí kanlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bóyá ẹ tún ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ìsinmi ni gbogbo ìyẹn. Nígbà tí ẹ jáwọ́, ẹ kó ìsinmi pọ̀ mọ́ sìgá, ẹ jù wọ́n nù pọ̀. Ẹ mú ìsinmi yín padà, ní àkókò kan náà, lójú ọ̀nà mìíràn tí kò gba ibi tí àwọn amusìgá ń dúró sí.

Òùngbẹ sìgá kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú 3 sí 5 lọ bí a bá rí nǹkan mìíràn dì mú. Ìrìn kíákíá ìṣẹ́jú 10 tó láti tẹ̀ ẹ́ rì, ó sì ń gbé ìmí àti ìmọ̀lára sókè. Kíákíá túmọ̀ sí pé ẹ lè sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ ò lè kọrin. Bí kò bá sí àyè àtirìn, ẹ fi imú mí wọlé ní kíkà 4, kí ẹ fi ẹnu mí jáde jẹ́jẹ́ ní kíkà 6, nígbà 10. Mímí jáde tó gùn yẹn ló ń rọ àyà lọ́wọ́.

Ìrìn yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kékeré. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, 15 lẹ́ẹ̀mejì. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, kó ti di ìṣẹ́jú 30 fún ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ni ìtara ọjọ́ àkọ́kọ́: wọ́n á sá eré wákàtí kan, wọ́n á fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi, wọn ò sì ní padà síbẹ̀ mọ́.

Kí ni ẹ jẹ láàárọ̀? A ń béèrè nítorí pé nikotíìnì máa ń pa ebi. Ọ̀pọ̀ amusìgá ló ti mọ́ lára láti fi sìgá àti kọfí gba àyè oúnjẹ òwúrọ̀. Nísinsìnyí, kò sí ohun tó ń pa ebi náà, kò sì sí ohun tó ń ti ẹ̀dọ̀ láti tú ṣúgà jáde. Àárẹ̀ aago méjì, ebi ni nígbà mìíràn. Ẹ jẹun ní wákàtí 3 sí 4 síra, kí ẹyin, ẹja, ẹ̀wà tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Súìtì á gbé yín sókè, á sì jù yín sílẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹ mu omi dáadáa pẹ̀lú, torí àìrígbẹ́yà máa ń bá àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rìn, òun náà sì ń mú ara wúwo.

Àwọn kan á ní àwọn ò fẹ́ sanra. Àwọn tó jáwọ́ máa ń fi bíi kílò 4 sí 5 kún ara lọ́dún àkọ́kọ́ ní ìpíndọ́gba. A mọ̀ pé kò dùn mọ́ni. Síbẹ̀, ẹ má fi ebi pa ara yín ní oṣù kìíní. Ẹni tí ebi ń pa, tí nikotíìnì tún ń pè, ogun méjì ló ń jà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

ÌBÉÈRÈ: Ṣingọ́ọ̀mù onínikotíìnì, milígíráàmù 2, ni mo rà. Ó ń ta mí lọ́fun, ó ń mú mi ṣòsúkè, kò sì yí nǹkan kan padà.

ÌDÁHÙN: Ẹ ń jẹ ẹ́ bí ṣingọ́ọ̀mù ni. Awọ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni nikotíìnì rẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá ń jẹ ẹ́ wàìwàì, itọ́ ni yóò gbé e lọ sínú ikùn, ẹ̀dọ̀ á fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kó tó rí ọpọlọ, ọ̀fun á ta, òsúkè á dé, òùngbẹ sìgá á sì wà níbi tó wà.

Ẹ rọra jẹ ẹ́ títí ẹnu á fi máa ta bí ata. Ẹ dúró. Ẹ tì í sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Bí títa náà bá rọlẹ̀, ní bíi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún jẹ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ pé ìṣẹ́jú 30. Ẹ má jẹ, ẹ má mu nǹkan kan yàtọ̀ sí omi láti ìṣẹ́jú 15 ṣáájú títí ẹ ó fi sọ ọ́ nù: kọfí, omi èso àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ń mú ẹnu kan, nikotíìnì kì í sì í wọ awọ ẹnu tó kan dáadáa.

Iye náà sì lè kéré jù. Bí ẹ bá máa ń mu sìgá àkọ́kọ́ láàárín ìṣẹ́jú 30 tí ẹ jí, milígíráàmù 4 ló yẹ yín. Ọ̀kan ní wákàtí kan sí méjì ni fún ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́, kó má ju 24 lọ lóòjọ́. Mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ ń jẹ lójúmọ́ tí wọ́n á fi ní kò ṣiṣẹ́, kò tiẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀. Àpapọ̀ ìlẹ̀mára, tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ látàárọ̀, àti ṣingọ́ọ̀mù fún ìgbà tí òùngbẹ bá yọ lójijì, ń ṣe dáadáa ju ọ̀kan ṣoṣo lọ. Bí èébì bá ń gbé yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí àyà sì ń sáré, ó ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti ní àìsàn ìsoríkọ́ rí, mo ṣì ń lo oògùn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má ṣe fi sìgá sílẹ̀, pé àìsàn náà á padà. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ìdajì òótọ́ ni, ìdajì yẹn ló sì léwu. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi ẹni tó jáwọ́ wé ẹni tó ń mu ún lọ, àwọn tó jáwọ́ ló ní ìsoríkọ́ àti àníyàn tó kéré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lára àwọn tó ti ní àìsàn ọpọlọ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ yan ọjọ́ tí ẹ máa jáwọ́, kí ẹ sọ fún dókítà ṣáájú rẹ̀, kí ẹ sì gba àyè láti tún rí i ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì.

Ẹ kó orúkọ gbogbo oògùn yín lọ. Ẹ̀dọ̀ tí a sọ lókè pé ó ń fọ́ káfíìnì, ọ̀nà kan náà ló ń gbà fọ́ clozapine àti olanzapine tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ, àti theophylline tí àwọn kan ń lò fún ikọ́ fée. Bí èéfín bá dúró, oògùn wọ̀nyí á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fi hóró kan kún un. Oorun àsùnpiyè, itọ́ tó ń dà, òòyì, iyè tó dàrú: a ti rí i kí wọ́n pe gbogbo èyí ní àárẹ̀ sìgá, nígbà tó jẹ́ oògùn ló pọ̀ jù. Ìlẹ̀mára àti ṣingọ́ọ̀mù ò dáàbò bò yín lọ́wọ́ èyí, nítorí wọn ò ní èéfín. Ẹ má fọwọ́ ara yín dín in. Dókítà ni kó ṣe é. Ẹni tó ń gún insulin náà kí ó máa wo ṣúgà rẹ̀ léraléra, torí ìwọ̀n tó ń lò lè ní láti dín kù.

Oògùn méjì wà tí kò ní nikotíìnì nínú. Varenicline máa ń jókòó lórí àga nikotíìnì fúnra rẹ̀: milígíráàmù 0.5 lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 3, 0.5 lẹ́ẹ̀mejì fún ọjọ́ 4, lẹ́yìn náà 1 lẹ́ẹ̀mejì títí ọ̀sẹ̀ 12 á fi pé. Ẹ fi omi ife kan mu ún lẹ́yìn oúnjẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èébì á máa gbé yín. Bupropion jẹ́ oògùn ìsoríkọ́ pẹ̀lú: milígíráàmù 150 lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 3, lẹ́yìn náà 150 lẹ́ẹ̀mejì, kí wákàtí 8 ó kéré tán wà láàárín wọn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú ọjọ́ ìjáwọ́. Ẹni tó ní wárápá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní ọdún 2009, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ líle sára oògùn méjèèjì nítorí ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Nígbà tí ìwádìí ńlá kan tó kó èèyàn tó lé ní 8,000 jọ, tí bíi ìdajì wọn ti ní àìsàn ọpọlọ, jáde ní 2016 tí kò sì rí ewu tó pọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́dún náà. Síbẹ̀, bí ìwà tàbí èrò yín bá yí padà lójijì nígbà tí ẹ ń lò ó, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà.

ÌBÉÈRÈ: Ikọ́ mi wá pọ̀ sí i lẹ́yìn tí mo jáwọ́. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Irun tín-tìn-tín tó ń gbá ọ̀nà èémí mọ́, èyí tí èéfín kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa, ti ń jí padà, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ti dì síbẹ̀ sì ń jáde. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀jẹ̀ nínú ikọ́, àyà dídùn, tàbí rírù láìsí ìdí ò gbọdọ̀ dúró dìgbà kankan.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi ló jáwọ́. Ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ, bó bá sì dákẹ́, á dákẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí ni kí n sọ?

ÌDÁHÙN: Díẹ̀ ni. Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ sọ ló pọ̀: “Ìgbà tí o ń mu ún sàn ju báyìí lọ” ti dá ọ̀pọ̀ ọkùnrin padà sídìí sìgá, nítorí ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀ kí ẹ tó là á mọ́lẹ̀. Ẹ má gbóòórùn aṣọ rẹ̀, ẹ má yẹ àpò rẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan tí yóò máa sọ bí inú bá ń ru, tí yóò fi jáde rìn fún ìṣẹ́jú 10 láìsí àlàyé. Ẹ gba iṣẹ́ ilé kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí ẹ sì sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ẹ bá a ka iye ọjọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ò já mọ́ nǹkan kan, pé ó sàn kí òun má sí láyé, ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ro àtipa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn, àwọn kan ti ń retí ẹni tí yóò bi wọ́n. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Oṣù mẹ́ta pé. Sìgá ò wù mí mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dùn mọ́ mi, ó sì ń rẹ̀ mí ṣáá.

ÌDÁHÙN: A ò ní di èyí ru nikotíìnì mọ́. Bí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkan bá ń bá èèyàn gbé ní ọ̀pọ̀ jù lọ wákàtí ọjọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, dókítà ló yẹ kó rí i, yálà ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ ni tàbí kò mu sìgá rí. Wọ́n lè fi ìbéèrè 9 tí wọ́n ń pè ní PHQ-9 wò yín. Àmì 27 ni gbogbo rẹ̀. Bí tiyín bá tó 10, ọ̀rọ̀ náà nílò àtẹ̀lé. Ìkẹsàn-án dá lórí èrò ikú. Ẹ dáhùn rẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò: bóyá ẹ̀jẹ̀ tó, bóyá ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, bóyá ṣúgà ti ga. Ẹni tó ń han-run gan-an, tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun, kó sọ ọ́. Ẹ mú ìwé nọ́ńbà mẹ́ta yẹn dání bí ẹ bá ti ń kọ ọ́. Ó wúlò fún dókítà ju “kò rí bákan” lọ.

Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ kọ nǹkan kékeré mẹ́ta sílẹ̀ fún ọ̀la, pẹ̀lú aago wọn: wẹ̀ ní aago méje, rìn ní aago mẹ́wàá, pe ẹnì kan ní aago mẹ́rin. Bí aago bá lù, ẹ ṣe é, bó wù yín bí kò wù yín. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ìfẹ́ àtiṣe nǹkan máa ń wá lẹ́yìn ìṣe nínú ìsoríkọ́, ẹni tó bá sì ń dúró dè é lè pẹ́ lórí ibùsùn.

ÌBÉÈRÈ: Lẹ́yìn ọjọ́ 24, mo mu ẹyọ kan. Ara mi yá lójú ẹsẹ̀! Ṣé ẹ wá rí i pé òun ni mo nílò?

ÌDÁHÙN: A rí i pé àwọn àga yẹn ò tíì tán nílẹ̀. Àlejò kan wọlé, ó jókòó. Ní bíi wákàtí méjì sí i, ìdajì rẹ̀ ti jáde, ẹ sì ti tún ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ má ka ọjọ́ 24 náà nù. Ẹ fọ́ èyí tó kù sínú omi, kí ẹ dà á nù, torí inú pálí tó bá wà nílé ni ẹlẹ́ẹ̀kejì ti ń jáde. Bí ẹ bá ní ìlẹ̀mára lára, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Yíyọ tí àwọn kan ń yọ ọ́ nítorí pé wọ́n ti mu ẹyọ kan ló ń sọ ẹyọ kan di odidi pálí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ aago tí ẹ mu ún, ẹni tó wà níbẹ̀ àti ohun tí ẹ jẹ kẹ́yìn sínú ìwé. Bó bá jẹ́ pé ebi tàbí ọtí ló wà níbẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa tún ṣe lọ́la.